Ewé Akíntọ́lá ti gba oko mi, kí ló dé tí kòkòrò kankan ò jẹ ẹ́?

ỌmọAlárè:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ní ilẹ̀ kan lẹ́yìn Àgọ́-Ìwòyè, lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó, ti bàbá mi ni, ẹ̀gẹ́ la máa ń gbìn síbẹ̀ fún gààrí. A fi sílẹ̀ fún ọdún méjì torí owó lébìrà, ìgbà tí mo padà débẹ̀ nínú ọyẹ́ yìí mi ò mọ ibi tí ààlà wà mọ́, Akíntọ́lá ti bo gbogbo ẹ̀, ó ga jù mí lọ, ó lọ́ mọ́ra wọn débi pé àdá ò ríbi wọlé. Pèrègún tí bàbá mi fi pààlà, ọwọ́ ni mo fi ń wá a kiri.

Mo wá já ewé ẹ̀ kan, mo tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́. Iṣan mẹ́ta tó là bí fọ́ọ̀kì wà láàárín ẹ̀, mo rún un, ó rùn kíkan, àmọ́ kò sí ihò kan ṣoṣo lára ẹ̀. Ilá tí mo gbìn sẹ́yìnkùlé, kòkòrò ti lu ewé ẹ̀ bí asẹ́. Eléyìí ńkọ́? Kò sóhun tó fọwọ́ kàn án, àfi òdòdó ẹ̀ nìkan. Tata aláwọ̀ ewé tó ní dúdú àti yẹ́lò lára yẹn, èyí tó ń rùn, wọ́n so rọ̀jọ̀rọ̀jọ̀ sórí òdòdó náà, tí wọ́n bá kúrò níbẹ̀ orí ẹ̀gẹ́ ẹni tá a jọ pààlà ni wọ́n ń bọ́ sí, wọ́n á jẹ ewé ẹ̀ tán wọ́n á tún máa họ èèpo igi ẹ̀.

Ìyá mi àgbà sọ kí wọ́n tó kú pé nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé kò sí ewé yìí rárá. Ṣé òótọ́ ni? Tó bá jẹ́ àlejò ni, kí ló dé tó fi lágbára ju onílé lọ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé nípa ewéko, ẹ dákun, mi ò bèèrè oògùn tí wọ́n ń fọ́n, ìdí ni mo fẹ́ mọ̀.

BàbáÌkẹ́nnẹ́:
Ọmọ mi, ìyá yín àgbà ò parọ́. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, bàbá mi náà sọ fún mi pé ó dé bá àwọn ni. Ìgbà ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá nínú Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, lẹ́yìn 1962, ló ń ràn lọ lóko wa, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn kan máa pè é ní ewé Awólọ́wọ̀, tí àwọn míì ń pè é ní Akíntọ́lá, ìhà téèyàn bá wà nínú ìjà yẹn ni. Orúkọ ẹ̀ ní kíkún ni Akíntọ́lá-ta-kú, ó sì bá a mu, torí bó o ṣe ṣán an tó, ìdí kan náà ni yóò ti tún rú, ọ̀pá márùn-ún á jáde níbi tí ẹyọ kan wà.

Àmọ́ o, ọdún tí àdá gé mi lẹ́sẹ̀ lóko, ewé yìí náà ni mo rún tí mo fún omi ẹ̀ sójú egbò, ẹ̀jẹ̀ dá kí n tó délé.

Ewéko_Ágọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o bàbá. Ẹ̀jẹ̀ tẹ́ ẹ ní ó dá yẹn, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò ní yàrá àyẹ̀wò, ó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì lóòótọ́, àwọn ará Vietnam tiẹ̀ ti fi ṣe oògùn ìpara fún ibi tí iná jó.

Ẹ̀gbọ́n olóko, ìmọ̀ ewéko ni mò ń kà fún másítà, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bí mo ṣe mọ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ilé ẹ̀, láti Mẹ́síkò títí dé Ajẹntínà, pẹ̀lú àwọn erékùṣù Kàríbíà. Chromolaena odorata làwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè é, mọ̀lẹ́bí ewúro àti yunyun ni. Àkọsílẹ̀ tó wà ni pé nǹkan bí 1937 ló wọ Nàìjíríà, ó bá irúgbìn igi mẹlínà tí wọ́n kó wá láti Sri Lanka dé agbègbè Enugu. Mẹlínà yìí náà ni wọ́n gbìn rẹpẹtẹ sí igbó Ọmọ ní J4, nípìnlẹ̀ Ògùn wa níbí. Igi Akíntọ́lá kan ṣoṣo lè so èso tó lé ní 80,000 lọ́dún, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní irun bí òwú, atẹ́gùn ọyẹ́ ló ń gbé e káàkiri.

Ewé tẹ́ ẹ rí tí kò ní ihò yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ náà. Nílé ẹ̀ lọ́hùn-ún, irú kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ lé ní 200. Ìgbà tó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa, kò kó wọn dání. Ní 1995, àwọn onímọ̀ méjì, Blossey àti Nötzold, wá sọ pé irú ewéko bẹ́ẹ̀, tó bá pẹ́ níbi tí ọ̀tá ò sí, á yí padà látìran dé ìran, agbára tó ń fi gbèjà ara ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò máa fi dàgbà. Àwọn ará Ṣáínà dán an wò lára Akíntọ́lá yìí, wọ́n gbé e jáde ní 2015: wọ́n gbin ti Ṣáínà àti ti Mẹ́síkò pa pọ̀ mọ́ àwọn ewéko míì. Ti Ṣáínà lágbára ju ti Mẹ́síkò lọ tí wọ́n bá gbìn wọ́n mọ́ ewéko ilẹ̀ Ṣáínà, àmọ́ tí wọ́n bá gbìn wọ́n mọ́ ewéko Mẹ́síkò, agbára àfikún yẹn ò hàn mọ́. Ẹ ò rí nǹkan! Àwọn tó ti bá a gbé látayébáyé ti mọ bí wọ́n ṣe ń bá a jà.

Ohun tó ń mú mi ronú ni pé Akíntọ́lá lè so láìjẹ́ pé akọ dé ọ̀dọ̀ abo, ọmọ á wá jọ ìyá pátápátá. Ti wa níbí àti ti Éṣíà, irú kan náà ni wọ́n kà wọ́n sí, ti Gúúsù Áfríkà ló yàtọ̀, Jàmáíkà tàbí Kúbà ni wọ́n tọpa ìyẹn dé. Tí gbogbo wọn bá wá jọra báyìí, kí ni ìyípadà fẹ́ rí ṣà nínú wọn? Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ọ̀tá tí kò sí nìkan ò tó, ó ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilẹ̀. Ní India, ní 2008, Mangla, Inderjit àti Callaway rí i pé ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀ ń kó olu tíntínní kan tó ń fa àìsàn ewéko jọ, Fusarium, ìlọ́po 25 ohun tó wà níbi tí kò hù sí. Onílé ni olu náà, àwọn ewéko onílé ló sì ń pa. Àlejò yìí ń sin ajá onílé, ajá náà wá ń bu onílé jẹ.

Ti tata: oró kan wà nínú òdòdó ẹ̀ àti gbòǹgbò ẹ̀, tata ń wá a torí ó ń kó o sára kí ẹyẹ àti ẹranko má baà jẹ ẹ́. Ní 1986 ni onímọ̀ kòkòrò kan, Chapman, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ sọ pé ó jọ pé bí Akíntọ́lá ṣe ń ràn ló jẹ́ kí tata yìí pọ̀ tó báyìí. Ọyẹ́ ló ń tanná, oúnjẹ tútù ò sí nígbà yẹn ju ẹ̀gẹ́ lọ, ìdí nìyẹn tí aládùúgbò yín fi ń jìyà.

ÌyáElégààrí_Òdogbolu:
Ẹ kú àlàyé o. Èmi ò lè bú Akíntọ́lá tán ṣá. Koríko ẹ̀kan ni ọ̀tá mi, ẹnu ẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́, á gún ẹ̀gẹ́ wọnú, ẹ máa wú u tán ẹ máa rí i pé ó ti jẹrà láàárín. Ibi tí Akíntọ́lá bá bo ẹ̀kan mọ́lẹ̀, ẹ̀kan á kú torí kò róòrùn. Ilẹ̀ tó bá ti wà lábẹ́ ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, tẹ́ ẹ bá ṣán an, á dúdú, á rọ̀, ìgbẹ́ ekòló á kún orí ẹ̀, ẹ̀gẹ́ tá a gbìn síbẹ̀ kì í kéré.

Ewéko_Ágọ̀:
Òótọ́ lẹ sọ mà. Ewé ẹ̀ tó ń jábọ́ tètè ń jẹrà, fún àgbẹ̀ tó fẹ́ padà sórí ilẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì mẹ́ta ó sàn ju koríko lọ. Igbó ló ń pa lára, ọmọ ìrókò àti ọmọ àràbà ò ríbi yọjú lábẹ́ ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣán an ní Nòfẹ́ńbà kó tó tanná, kí tata má rí òdòdó, kí èso má sì fò. Ẹ hú ìdí ẹ̀, ẹ má gé e lásán. Ní Máàṣì sí Épírì, tata á kóra jọ síbi tó ní ibòòji láti yé ẹyin sínú ilẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń yé síbì kan náà. Ẹ sàmì síbẹ̀, ẹ fi ọkọ́ tú u síta, oòrùn á gbẹ ẹyin náà.

ỌmọAlárè:
Mo dúpẹ́ gan-an, bàbá, ìyá, àbúrò mi. Ìdí pèrègún yẹn ló ní ibòòji jù lọ lóko mi, mo sì ti ń rí wọn tí wọ́n ń rìn lọ síbẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Mo ti bá ẹni tá a jọ pààlà sọ̀rọ̀, òun náà á gbé ọkọ́ wá. Tá a bá rí ẹyin náà, màá ya fọ́tò ẹ̀ síbí.