Òkè Sábẹ: ọwọ́ mélòó ni yóò gbé ẹnì kan sọ̀kalẹ̀?

Láti Sábẹ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń yọ̀ǹda ara wọn fún iṣẹ́ ìtọ́jú pàjáwìrì ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Kétu, ní ilẹ̀ Benin níbí, fẹ́ wá bá wa gun òkè nígbà ọyẹ́, wọ́n sì ní kí àwa tí a mọ òkè sọ ohun tí ojú wa ń rí níbẹ̀. Bí òkè ṣe ga tó ni wọ́n kọ́kọ́ bèèrè. Èyí tí mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ni pé, bí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá kán ní téńté òkè, ọwọ́ mélòó ló wà níbẹ̀ láti gbé e sọ̀kalẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lórí ilẹ̀ tó da gẹ̀rẹ́, ènìyàn mẹ́fà ló ń gbé bránkà kan (ibùsùn tí a fi ń gbé aláìsàn), mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Mẹ́rin tó ń tó nílẹ̀ títẹ́jú kì í tó lórí àpáta, nítorí kò sí ìgbà tí ẹsẹ̀ ẹnì kan kì í wá ibi tí yóò tẹ̀, àwọn yòókù ló sì ń ru ìpín tirẹ̀ lákòókò náà. Ẹni keje wà níwájú, ó ń wá ọ̀nà, ó ń ké “ó ń yọ̀!”, “kòtò lósì!”. Ẹni kẹjọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bránkà rárá: ojú aláìsàn ló ń wò, èémí rẹ̀ ló ń kà, òun nìkan ló sì láṣẹ láti ní “ẹ dúró”. Níbi tó ga gan-an, láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá ni ìka á ti máa tú, nítorí náà mẹ́fà mìíràn gbọ́dọ̀ wà tí yóò gbà á. Ó di mẹ́rìnlá. Bí ẹ kò bá tó mẹ́jọ, ẹ má kọjá ibi tí ẹsẹ̀ nìkan lè gbé yín dé. Níbi tí ẹ bá ti ní láti fọwọ́ di àpáta mú kí ẹ tó lè gòkè, ẹ padà.

Ẹsẹ̀ aláìsàn ló ń ṣáájú nígbà ìsọ̀kalẹ̀, kí orí rẹ̀ lè wà lókè. Ọ̀já ìpọnmọ mẹ́ta ni kí ẹ fi dè é: ọ̀kan láyà lábẹ́ apá, ọ̀kan ní ìbàdí, ọ̀kan lókè orúnkún. Etí bránkà ni kí ẹ ta kókó sí, ẹ má ta á sórí ikùn rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ìka méjì lè wọ abẹ́ ọ̀já tó wà láyà. Níbi tó ga jù, ẹ so okùn ogún mítà mọ́ ìhà orí bránkà, ẹ lọ́ ọ mọ́ ìdí igi tó fìdí múlẹ̀ dáadáa, kí ẹni méjì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má so okùn mọ́ ìbàdí ènìyàn láé. Bí bránkà bá bọ́, ó ti wọ́ onítọ̀hún lọ nìyẹn.

Bí kò bá sí bránkà, ọparun gbígbẹ méjì tó gùn tó mítà méjì ààbọ̀ àti kúbùsù kan tó nípọn ti tó. Ẹ tẹ́ kúbùsù sílẹ̀, ẹ gbé ọparun kìíní lé ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, ẹ ká etí kúbùsù bò ó. Ẹ wá gbé ọparun kejì lé orí ibi tí ẹ ká náà, kí ẹ fi àyè ara ènìyàn sáàárín ọparun méjèèjì, kí ẹ sì ká ìyókù kúbùsù bò ó padà. Ìwọ̀n aláìsàn fúnra rẹ̀ ni yóò di aṣọ náà mú. Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni aṣọ tó ti gbó àti ọparun tó ti sán. Nítorí náà, ẹni tó wúwo jù nínú yín ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé wò, kí ẹ má gbé e ju orúnkún lọ. Ẹ mú ọparun náà látilé, òun náà ni ọ̀pá ìtìlẹ̀ yín nígbà tí ẹ bá ń gòkè.

Akọ òkúta ni òkè wa, ó sì ní ìwà tirẹ̀. Ojú rẹ̀ máa ń bó, èérún tó bó náà sì máa ń yí lábẹ́ bàtà. Ibi dúdú tí omi ń gbà kọjá máa ń yọ̀ bí ìrì bá ti sẹ̀, kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bàtà tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà tó ní ìlà jíjìn ni kí ẹ wọ̀. Ẹ tẹ gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́ àpáta. Ẹni tó bá ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn nítorí ẹ̀rù ló máa ń ṣubú. Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ gé ìgbésẹ̀ kúkurú, ẹ tẹ orúnkún díẹ̀. Ẹ má tò sábẹ́ ara yín ní ọ̀gangan kan náà, torí òkúta tí ẹni òkè bá tì, orí ẹni ìsàlẹ̀ ló ń bọ̀.

Láti Kétu:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ti sọ ti ọwọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ti omi, nítorí òun ni kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ di ti bránkà.

Àwọn kan ń sọ pé orí fífọ́ tó ń mú ènìyàn lórí òkè Sábẹ jẹ́ àìsàn ibi gíga. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àìsàn yẹn kì í sábà mú ènìyàn títí ó fi tó nǹkan bí 2,500 mítà sókè òkun, òkè Sokbaro, tí a sábà ń pè ní òkè tó ga jù ní ilẹ̀ Benin, kò sì ju 658 mítà lọ. Bí orí bá ń fọ́ ẹnì kan ní Sábẹ, oòrùn ni tàbí òùngbẹ, omi àti ibòji sì ni oògùn rẹ̀. Ẹni tó bá pè é ní àìsàn ibi gíga lè fi ẹni tí oòrùn ń pa lọ sílẹ̀ láìtọ́jú.

Ọyẹ́ máa ń tan ènìyàn. Afẹ́fẹ́ gbẹ, òógùn ń gbẹ kó tó hàn lára, kò sì ní ṣe ẹ bíi pé òùngbẹ ń gbẹ ọ́. Lítà mẹ́ta ni kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé, kí ó máa mu tó ìdajì lítà ní wákàtí kan, díẹ̀díẹ̀, kí ó má dúró de òùngbẹ. Ìtọ̀ tó bá pọ́n, tó sì kéré, ti sọ ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Fún ẹni tó ń bì tàbí tó ti làágùn púpọ̀, ẹ po omi oníyọ̀: ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sínú lítà kan omi mímọ́, kí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí ṣíbí náà kó tẹ́. Iyọ̀ àpọ̀jù ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù. Ẹ tọ́ ọ wò. Bó bá ní iyọ̀ ju omijé lọ, ẹ dà á nù kẹ́ ẹ tún un pò.

Nígbà tí ìlà ọwọ́ bá ti ń hàn ni kí ẹ gbéra. Nígbà tí aago mẹ́wàá bá lù, ibikíbi tí ẹ bá wà, ẹ yí padà, nítorí àpáta máa ń gba ooru sára, ó sì ń dá a padà sí ènìyàn látìsàlẹ̀.

Ẹni tí oòrùn bá mú, tó ń làágùn, tí ara rẹ̀ rọ, ṣùgbọ́n tó ń dá yín lóhùn bó ṣe yẹ, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ fún un lómi. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bá ti ń dàrú, tí kò mọ ibi tó wà, tí ara rẹ̀ ń jó bí iná, ẹ̀mí ló ti kàn yẹn. Ẹ má gbé e rìn kí ẹ tó tù ú lára. Ẹ da omi mímu yín sí i lára láti orí dé ẹsẹ̀, kí ẹni méjì máa fi aṣọ fẹ́ ẹ láìdáwọ́ dúró. Ẹ má fún un ní pàrásẹ́támọ̀, kò ràn án, ẹ má sì da omi sẹ́nu ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbé mì.

Láti Sábẹ, ìyá kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì:

Ẹ kú àròjinlẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ohun méjì ni mo fẹ́ fi kún un: oyin àti ejò.

Inú pàlàpálá àpáta ni oyin ń gbé. Lọ́fínńdà, èéfín àti ariwo ló ń bí wọn nínú. Bí wọ́n bá yọ, ẹ má máa fọwọ́ lù wọ́n. Nílẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ sá lọ jìnnà. Lórí àpáta, ẹ má sáré rárá, ẹ fi aṣọ bo orí àti ojú, kí ẹ máa yára rìn lọ, torí ìṣubú lè pa ènìyàn kí oró oyin tó pa á. Ẹ yọ ìtani kíákíá, ẹ̀ báà fi èékánná yọ ọ́. Yíyára ló ṣe pàtàkì. Bí ètè bá ń wú, tí ọ̀fun ń dí, tí ara ń sú yìnmìn-yìnmìn níbi tí oyin kò ta, abẹ́rẹ́ adrẹnalíìnì nìkan ló lè gbà á là. Miligíráàmù 0.5 fún àgbàlagbà, sí iṣan itan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta, láti ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìlera. Ẹ má gòkè láìjẹ́ pé ẹ ti mọ ẹni tó ní in lọ́wọ́. Ẹ tẹ́ aláìsàn sílẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Bó bá ń mí tipátipá ni ẹ lè jẹ́ kó jókòó.

Ní ti ejò, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi abẹ gún ibẹ̀, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má fi okùn dì í, ẹ má sì lẹ òkúta dúdú mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé òkúta dúdú wà nílé gbogbo wa. Kì í fa oró, àkókò ló ń jẹ. Paramọ́lẹ̀ ní oró tó ń ba ẹran ara àti ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Bí ẹ bá fi okùn di oró yẹn sójú kan, ẹsẹ̀ náà lè kú. Ẹ bọ́ òrùka, ìlẹ̀kẹ̀ àti bàtà kí ibẹ̀ tó wú. Ẹ fi igi méjì ti ẹsẹ̀ náà bíi pé ó kán, kí aláìsàn má fi rìn. Ẹ fi bíìrò fa ìlà síbi tí wíwú dé, kí ẹ kọ aago sí i, kí ẹ sì tún fà á ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìlà wọ̀nyẹn ni dókítà máa kọ́kọ́ wò. Ẹ ti béèrè nílé ìwòsàn láti ọjọ́ tó ṣáájú bóyá oògùn oró ejò wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ mọ ibi tó wà.

Láti Àjàṣẹ́:

A dúpẹ́ púpọ̀, ìyá wa. Etí ọ̀sà ni àwa ń gbé, ilẹ̀ wa tẹ́, nítorí náà orí àtẹ̀gùn ilé alájà ni à ń múra sílẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ ni kí ẹ fi sọ́kàn jù, torí òun ló ń fa iṣan itan ya tí itan á sì máa gbọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n, àwọn kan nínú wa ń wo òkè Kamẹrúùnù lọ́dún tó ń bọ̀. Ó tó 4,040 mítà, ọ̀rọ̀ sì yí padà níbẹ̀. Ní gíga yẹn, afẹ́fẹ́ kò ju bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ti etí òkun lọ. Orí fífọ́ pẹ̀lú èébì tàbí òòyì níbẹ̀, àìsàn ibi gíga ni kí ẹ kà á sí títí ẹ ó fi rí i pé kì í ṣe òun. Ẹni tó bá mú kò gbọdọ̀ gòkè sí i. Bó bá ń le sí i, kó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ní kó rìn lórí ìlà tó gún, kó máa fi gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì. Bó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ọpọlọ rẹ̀ ti ń wú. Bó bá jókòó jẹ́ẹ́ tí kò lè mí délẹ̀, tó ń wúkọ́, omi ti wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má dúró de ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ẹ mú un sọ̀ kalẹ̀ tó 300 mítà ó kéré tán, àní títí dé 1,000 mítà, kí ẹni tó lágbára bá a lọ. Àwọn tó bá sì ní àkókò, lẹ́yìn 3,000 mítà, kí ibi tí wọ́n ń sùn má fi ju 500 mítà lọ sókè láti òru kan sí èkejì.

Láti Sábẹ, ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀:

Àbúrò, o ṣeun. Ó ku ohun díẹ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ lọ kí àwọn àgbà adúgbò tó ni òkè náà. Orí òkè wọ̀nyí ni àwọn baba wa sá gùn nígbà ogun Dàhómì, àwọn ibi kan sì wà níbẹ̀ tí a kì í tẹ̀. Àwọn ni yóò fi ọ̀nà hàn yín, ọ̀nà náà sì ni àwa á gbà gbé aláìsàn. Ẹ tún wo nọ́ńbà inú fóònù yín: láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà fóònù Benin ti di ẹyọ mẹ́wàá, 01 ló ń ṣáájú. Nọ́ńbà zẹ́mì (ọ̀kadà akérò) àti ti nọ́ọ̀sì tí ẹ fi pamọ́ ṣáájú ìgbà yẹn kò ní wọlé. Ẹ gbìyànjú wọn nílé kí ẹ tó wá.

Kí ẹnì kan dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú zẹ́mì méjì, fóònù tó kún fún iná, àti ìwé tí orúkọ gbogbo wa wà nínú rẹ̀, ibi tí a gbà lọ, aago tí a gbéra. Bí a kò bá tíì fojú kàn án nígbà tí aago kan ọ̀sán bá lù, tí fóònù wa kò sì wọlé, kí ó pe àwọn panápaná ní 118, kí ó ka ìwé náà fún wọn bó ṣe wà.