Àbọ̀ lórí ọgbẹ́ ìyá mi ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà

Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo béèrè ohun tí mo lè ṣe sí ọgbẹ́ ìdùbúlẹ̀ (ọgbẹ́ tí ìdùbúlẹ̀ sójú kan fún ìgbà pípẹ́ máa ń fà) tí mo rí ní gìgísẹ̀ ìyá mi, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú wọn sọ pé ọjọ́ ogbó ló fà á. Ẹ ṣeun fún ìdáhùn yín.

Ìmọ̀ràn tó ṣiṣẹ́ jù ni pé kí n yéé fi ẹnu lásán ṣàròyé. Mo ń ya ọgbẹ́ náà ní fọ́tò pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, mo sì béèrè fún ìwé tí wọ́n fi ń ṣàkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yí ìyá mi padà lórí ibùsùn. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn yí wọn padà ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Aago mẹ́ta ààbọ̀ ni mo ń kà á! Láti ìgbà tí mo ti fi fọ́tò ojú ìwé yẹn han ọ̀gá ilé náà ni wọ́n ti ń yí wọn padà ní wákàtí méjì méjì, tí wọ́n sì ń fi ìrọ̀rí gbé gìgísẹ̀ wọn sókè. Ọgbẹ́ náà ti ń jiná.

Ẹjọ́ tí mo fi sun àwọn alábòójútó tó ń ṣàyẹ̀wò àwọn ilé ìtọ́jú kò so èso tó bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n ti fi ọjọ́ àbẹ̀wò ránṣẹ́ sí ilé náà ṣáájú, òṣìṣẹ́ sì kún ilé lọ́jọ́ náà ju bí mo ti ń rí i lọ. Ohun tó kù ni ti òru: òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló ṣì ń tọ́jú gbogbo àwọn tó wà ní àjà ilé tí ìyá mi wà títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Mo ti tún kọ lẹ́tà sí àwọn alábòójútó pé kí wọ́n wá lóru láìsọ tẹ́lẹ̀.