Ẹ gbà mí o, nọ́ńbà ìran ti dàrú mọ́ mi lọ́wọ́!

Ọmọ Ẹnuwá, Toronto
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káalẹ́ o. Ẹni tó bá ṣì wà lójúfò, ẹ dákun ẹ dá mi lóhùn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ script coordinator (ẹni tó ń tọ́jú ìwé eré àti àtúnṣe ẹ̀) nídìí eré tẹlifíṣọ̀n kan. Àwọn òǹkọ̀wé fi àtúnṣe ránṣẹ́ lálẹ́ yìí, mo sì ti pín búlúù, ìyẹn bébà àtúnṣe àkọ́kọ́, fún gbogbo ẹ̀ka. Àṣé mi ò ti nọ́ńbà ìran àti ojú ìwé búlúù yẹn pa kí wọ́n má bàa yí! Ìran 24 ti di 25, 25 ti di 26, bẹ́ẹ̀ ló yí lọ títí dópin. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni kámẹ́rà máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣé kí n gba búlúù padà ni àbí kí n gbé píńkì, àtúnṣe kejì, jáde? Wọ́n tún ti sọ apòògùn inú eré náà ní orúkọ Yorùbá, mi ò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ti yẹ orúkọ ọ̀hún wò.

Àǹtí Ìrẹmọ, London
Mu omi ná. Lẹ́yìn náà, pe first AD, ẹni tó ń ṣètò iṣẹ́ ojoojúmọ́. Pè é o, má kọ ímeèlì. Nọ́ńbà àtijọ́ ló wà nínú ètò iṣẹ́ ọ̀la tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Aláṣọ, onímọ́tò, ẹni tó ń kó ẹrù, nọ́ńbà ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé, kò sẹ́ni tó ń ka ìtàn nínú wọn. Irú ẹ̀ ṣe mí rí. Ìyàwó dé ibi ìgbéyàwó, aṣọ ọ̀fọ̀ ló bá lórí ìkọ́.

Ọmọ Ọbọ̀kun, Atlanta
Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kó tún un ṣe tán kó tó pe ẹnikẹ́ni. Àbúrò, ṣí funfun, ìwé eré tí wọ́n kọ́kọ́ pín, tó ti wà ní títìpa, kó o fi àtúnṣe òní sínú ẹ̀. Ìran tuntun tó bọ́ sáàárín 23 àti 24, 23A ni. Ojú ìwé 41 tó bá kún àkúnya, kó ṣàn sí 41A. Ìran tí wọ́n yọ, nọ́ńbà ẹ̀ ò gbọdọ̀ sọnù, kọ OMITTED sí i. Kó o fi àmì ìràwọ̀ sétí ọ̀tún níbi gbogbo tí nǹkan ti yí. Gbé píńkì jáde, kí búlúù máa sùn.

Ìyá Ìbejì, Manchester
Píńkì kẹ̀? Búlúù tí kò dáa, ṣe ni kó gbà á padà, kó tún búlúù pín. Tó bá gbé píńkì jáde, wọ́n á fi lé orí búlúù burúkú yẹn, wọ́n á máa lo méjèèjì.

Ọmọ Ọbọ̀kun
Ìyá Ìbejì, búlúù méjì lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo? Àwọn kan ti tẹ èyí àkọ́kọ́ jáde o! Ẹ sọ fún ọgọ́ta èèyàn pé kí wọ́n ju bébà nù, ogún ló máa gbọ́. Àwọ̀ ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Bí àtúnṣe ṣe ń tẹ̀ léra ni: funfun, búlúù, píńkì, yẹ́lò, gíríìnì, goldenrod. Kì í ṣe pé wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́.

Ìyá Ìbejì
Ti Amẹ́ríkà nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, bó ṣe wu iléeṣẹ́ ló ń to àwọ̀ ẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Lágere (mo wà nílé, nínú Ifẹ̀)
Ẹ ń jà lórí àwọ̀, ẹ ò bi ọmọ yìí bóyá ó fi ránṣẹ́ sáwọn casting tó ń wá òṣèré. Ibẹ̀ ló ti jẹ mí níyà. Òǹkọ̀wé fún ẹni tó ń gbé ọtí ní ọ̀rọ̀ méjì péré, "Ó tán." Mo ní kékeré ni, mi ò sọ fún casting. Ilẹ̀ mọ́, kò sí ẹnu tó máa sọ ọ́. Wọ́n fa ẹnì kan nínú àwọn tó ń rìn kọjá lẹ́yìn, ó sọ ọ́, owó ẹ̀ sì di owó òṣèré lójú ẹsẹ̀, bí àdéhùn ẹgbẹ́ wọn ṣe wí. Line producer, ẹni tó ń ṣọ́ owó iṣẹ́, ò kí mi mọ́ títí iṣẹ́ fi parí. Ẹlòmíì tún wà tó… iná ti lọ o. Mò ń bọ̀.

Ọmọ Ẹnuwá
Casting ti rí i gbà. Mo ti pe first AD. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní "okay". Ṣé "okay" dáa?

Àǹtí Ìrẹmọ
Ó dáa. Tó bá jẹ́ "interesting" ló sọ, à bá máa wáṣẹ́ míì fún ẹ.

Ọmọ Ọbọ̀kun
Orúkọ apòògùn yẹn ńkọ́? Tí igba èèyàn bá ń jẹ́ ẹ ní Toronto, kò séwu. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, tónítọ̀hún tún wá jẹ́ apòògùn, lọ́yà ń bọ̀ nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, 555-0100 dé 555-0199 ni nọ́ńbà fóònù eré o. Mo rí 0803 gidi nínú ìwé eré kan lọ́jọ́sí, mo pariwo. Kí wọ́n máa wá pe ìyá oníyàá láago méjì òru!
Kí tiẹ̀ lorúkọ náà?

Ọmọ Ẹnuwá
Mi ò lè sọ, mo ti fọwọ́ síwèé.

Ọmọ Ọbọ̀kun
Orúkọ Ifẹ̀ ni àbí ti Ìjẹ̀ṣà?

Ọmọ Ẹnuwá
Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè sọ.

Àǹtí Ìrẹmọ
Ìjẹ̀ṣà ni. Apòògùn tó ń tàwìn, tó wá ń lóṣòó de owó ẹ̀, ta ló tún jẹ́ bí kò ṣe Òṣómàáló?

Ọmọ Ọbọ̀kun
Ẹ máa fi Òṣómàáló ṣeré. Bí mo ṣe ń gba owó overtime mi nìyẹn, mo lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà akáúntáǹtì. Ọmọ tiwa sì kọ́ ló gbàgbé títì ojú ìwé pa. Ilé lọmọ Ọwá ti í múná roko!

Ìyá Ìbejì
Ará Ifẹ̀ á ní ọ̀dọ̀ àwọn ni títì ìwé pa ti bẹ̀rẹ̀.

Àǹtí Ìrẹmọ
Ṣé irọ́ ni? Ibo lẹ ti kúrò?

Ọmọ Ọbọ̀kun
Kámẹ́rà náà, Odùduwà ló fi ẹ̀wọ̀n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àǹtí, Ìbàdàn ni tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀, 1959.

Àǹtí Ìrẹmọ
Ta ló dárúkọ Ìbàdàn níbí?

Bọ̀ọ̀dá Lágere
Iná ti dé. Mo lọ sí Iléṣà lánàá, mo jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Atákúnmọ́sà. Iyán yẹn ṣì ń lẹ̀ mọ́ odó nígbà tí wọ́n bù ú fún mi, ẹran ìgbẹ́ yọrí jáde nínú ẹ̀fọ́. Ọmọ Ifẹ̀ ni mí, àmọ́ ẹ jẹ́ n sòótọ́, wọ́n mọ iyán gún jù wá lọ.

Ọmọ Ọbọ̀kun
Ẹ GBỌ́ O! Ẹ bá mi fi pamọ́ kí Àǹtí tó ní kí wọ́n pa á rẹ́.

Ìyá Ìbejì
Bọ̀ọ̀dá, kílò mélòó ló kù nínú ẹrù yín? Ẹ bá mi ra irú.

Bọ̀ọ̀dá Lágere
Wooro àbí pẹ̀tẹ̀?

Ìyá Ìbejì
Wooro o! Pẹ̀tẹ̀ èṣí tú sínú kóòtù Bàbá Ìbejì. Wọ́n ṣì ń wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń jókòó tì wọ́n nínú ọkọ̀ ojú irin.