Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń gbàgbé mi: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o, ẹ̀yin ará. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, míṣọ́nnárì sì ni mí ní ìlú Nampula, ní apá àríwá Mòsámbíìkì, láàárín àwọn Makua. N kò tíì lọ́kọ, n kò sì tíì bímọ, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ń gbé kí n tó wá síhìn-ín, ọwọ́ mi sì ni àwọn ọmọ rẹ̀ méjì àkọ́kọ́ dàgbà sí: èmi ni mo ń wẹ̀ fún wọn, èmi ni mo ń pọ̀n wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èmi náà ni mo sì ń dirun fún èyí obìnrin ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ní báyìí, bí mo bá pè wọ́n, "Ẹ káalẹ́ mà" ni àgbà inú wọn máa ń sọ, lẹ́yìn náà ni yóò dá fóònù padà fún ìyá rẹ̀. Àbíkẹ́yìn, tí wọ́n bí lẹ́yìn tí mo ti kúrò nílé, a máa sá sẹ́yìn ìró ìyá rẹ̀ bí ó bá ti rí ojú mi. Ìyá rẹ̀ a sì máa tì í síwájú pé, "Kí Àǹtí, kí Àǹtí," títí ọmọ náà yóò fi bú sẹ́kún.

Ohun tí ó tún ń dùn mí ni pé àwọn ọmọ ibí fẹ́ràn mi. Bí mo bá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì, wọn a yí mi ká, àwọn kéékèèké inú wọn a sì sùn lọ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Inú mi a dùn, kò sì ní pẹ́ tí n ó fi máa rò ó pé ìfẹ́ tí ó tọ́ sí àwọn tilé ni mo ń pín fún ọmọ ọlọ́mọ. Ṣé àìnígbàgbọ́ ni èyí ni? Ṣé kí n bẹ àwọn tí ó rán mi kí wọ́n jẹ́ kí n tètè wálé ni, àbí ọ̀nà mìíràn wà?

Bàbá Àgbà, míṣọ́nnárì tí ó ti fẹ̀yìn tì

Ọmọ mi, àárò ẹbí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ka Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 23. Ó lé ní ogójì ọkùnrin tí wọ́n búra pé àwọn kò ní jẹun títí àwọn yóò fi pa Pọ́ọ̀lù, ọmọ arábìnrin rẹ̀ ni ó sì gbọ́, tí ó wọ inú bárékè àwọn ọmọ ogun lọ sọ fún un. Ọmọ tí kò ka arákùnrin ìyá rẹ̀ sí kò ní dán irú ewu bẹ́ẹ̀ wò. Nígbà tí èmi wà ní ilẹ̀ Nìjẹ̀r, ọwọ́ awakọ̀ akẹ́rù ni a máa ń fi lẹ́tà rán sílé, a kì í sì í mọ èyí tí ó dé. Ẹ̀yin ìwòyí ṣe oríire.

Àkànjí, Èkó

Arábìnrin, ẹni tí ó bá fi ọwọ́ lé ohun ìtúlẹ̀ kò gbọdọ̀ wo ẹ̀yìn. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni Àjàyí Crowther fi wà láìfojú kan ìyá rẹ̀. Ẹ gbé ọkàn kúrò lára àwọn ọmọ náà. Ọlọ́run yóò tọ́jú wọn.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ má bínú, Bọ̀dá Àkànjí, ọ̀rọ̀ Crowther kò bá èyí mu. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi kúrò nílé. Ogun ni ó kó Òṣoògùn ní 1821, tí wọ́n sì kó òun náà lẹ́rú. Nígbà tí ó dé Abẹ́òkúta gẹ́gẹ́ bí àlùfáà ní 1846, tí ìyá rẹ̀ sì wá bá a, kò sọ pé òun ti gbé ọkàn kúrò. Ní 1848, ìyá náà wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣèrìbọmi níbẹ̀.

Àbúrò mi, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ni n ó ti sọ̀rọ̀, nítorí àbúrò ọkọ mi náà wà lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí, ilé mi sì ni fóònù rẹ̀ máa ń dún sí. Ọmọdé kì í mọ ohun tí yóò sọ fún ojú inú fóònù, àgàgà bí a bá ń bi í pé, "Ṣé ò ń kàwé? Ṣé ò ń gbọ́ràn sí màmá lẹ́nu?" Bẹ́ẹ̀ sì ni wákàtí kan ni ẹ fi ṣíwájú wa, ìgbà tí ọwọ́ yín bá dilẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, aago mẹ́jọ ni níhìn-ín, iṣẹ́ àṣetiléwá àti oorun ni ó wà lójú wọn.

Àlọ́ ni ó tún ọ̀rọ̀ tiwa ṣe. Àbúrò ọkọ mi a máa gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí WhatsApp. Bí ó bá dé ibi orin, yóò dá a, yóò sì dákẹ́ fún ìwọ̀nba ìgbà tí àwọn ọmọ yóò fi gbè é, kí ó tó máa bá ìtàn lọ. Àwọn tèmi a sì máa gbè é tariwo-tariwo bí ẹni pé ó ń gbọ́ wọn. Ohùn kì í jẹ dátà bíi fídíò. Ẹ máa fi ohùn ki èyí obìnrin ní oríkì rẹ̀ láàárọ̀ pẹ̀lú, kí ó tó lọ sí ilé ìwé. Ní ti àbíkẹ́yìn, ẹ bẹ ẹ̀gbọ́n yín kí wọ́n má tì í síwájú mọ́.

Olùṣọ́-àgùntàn kan, Ìlọrin

Ọ̀rọ̀ ìsinmi ni tèmi. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí ó bọ́ sí oṣù kẹjọ, tí àwọn ọmọ wà ní ọlidé. Kí ẹ sì ti tọrọ ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ fún ẹbí kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, nítorí mo ti rí àwọn míṣọ́nnárì tí a kò jẹ́ kí wọ́n sinmi: ọjọ́ Àìkú yìí Ọ̀yọ́, èyí tí ó tẹ̀lé e Ṣakí, nítorí pé àwọn ìjọ tí ń dáwó fẹ́ gbọ́ ìròyìn.

Ẹni tí ó béèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. N kò ní béèrè pé kí n tètè wálé, ṣùgbọ́n n ó tọrọ ọ̀sẹ̀ méjì yẹn. Ìyá Ìbejì, àgbà inú wọn ti ń sún mọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ṣé àlọ́ ṣì lè wù ú?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ má pa á fún un. Ẹ ní kí ó pa á fún yín. Ẹ sọ fún un pé àwọn ọmọ Nampula ń dúró de àlọ́ Ìjàpá kan láti Ògbómọ̀ṣọ́, kí ó gba ohùn rẹ̀ ránṣẹ́. Bí ẹ bá ti túmọ̀ rẹ̀ fún wọn lábẹ́ igi máńgòrò yẹn, kí ẹ dá èsì padà fún un, kí ẹ sọ ibi tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín àti ohun tí wọ́n bi yín.