Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí bátìrì àti alternator ọkọ̀ akẹ́rù mi
Ẹ̀yin ọ̀gá rìwáyà, ẹ kú iṣẹ́ o. Bátìrì 12V méjì tí wọ́n so pọ̀ di 24V ni ọkọ̀ akẹ́rù mi ń lò, alternator rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pèsè iná nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, sì jẹ́ 60A. Láti ìgbà tí mo ti fi inverter 1000W (ẹ̀rọ tó ń yí iná bátìrì padà sí irú iná ilé) àti iná mẹ́rin kún un, bí mo bá há sínú gosíló ní ọ̀nà Apápá lálẹ́, ṣe ni iná iwájú ń ṣe bàìbàì bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán. Rìwáyà kan ní Ládipọ̀ ní kí n ra bátìrì ńlá, ṣùgbọ́n ó ń ṣe mí bíi pé bátìrì kò lè tọ́jú iná tí alternator kò fún un, nígbà tí inverter nìkan lè fa ju 40A lọ. Ṣé alternator 100A ni kí n kọ́kọ́ rà, ṣé wáyà rẹ̀ náà yóò sì ní láti nípọn sí i?