Ológbò tó bu ọmọ mi jẹ: ibi tí ọ̀rọ̀ já sí

Ẹ ṣeun tí ẹ dúró tì mí, ẹ̀yin ará. Ológbò àdúgbò tí mo sọ fún yín níjọ́sí pé ó ń lé àwọn ọmọ kiri ẹ̀yìnkùlé, tó sì bu àbíkẹ́yìn mi jẹ lẹ́sẹ̀, a ti rí ìdí rẹ̀: ó bímọ ni! Mẹ́ta ló kó pamọ́ sábẹ́ ògbólógbòó páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ojú wọn ò tíì là. Ibẹ̀ gan-an làwọn ọmọ ń gbà lọ pọnmi.

Ìkúnlẹ̀ ni mo fi bá ìyá àgbà tó ni ológbò náà sọ̀rọ̀, n ò bá wọn jà. Wọ́n fi páálí kó àwọn ọmọ ológbò náà wọlé, ìyá wọn ń ké tẹ̀lé wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé, kò lé ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kìlọ̀ fún mi nípa dìgbòlugi, àrùn tí ẹranko lè kó ran ẹni tó bá bù jẹ, Ọlọ́run á bù kún yín. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn la fi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, a sì gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó ku abẹ́rẹ́ ẹyọ kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ata sójú irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ o. Màmá sì ti gbà láti gbé ológbò wọn lọ gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà ẹranko.