"For the birds": ṣé adìyẹ ni ẹ̀gbọ́n mi ń sọ ni?

Ìyá Olóúnjẹ Adìyẹ, Ọ̀jọ́ọ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ní kí ọmọkùnrin kan bá mi ya àwòrán sára àpò oúnjẹ adìyẹ tí mò ń tà. Kọ̀ǹpútà ló bá a yà á: àkùkọ pupa kan tó na ọrùn, orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Chicago, torí àwọn ló fowó iṣẹ́ náà ránṣẹ́. Wọ́n fèsì pé: "This design is for the birds."

Inú mi dùn. Ṣebí ẹyẹ ni adìyẹ! Mo fi ìpàtẹ́wọ́ márùn-ún dá wọn lóhùn, mo gbéra, ó di Mókọ́lá, mo tẹ 300 àpò. Àná ni wọ́n pè mí, wọ́n ní ṣé orí mi pé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni gbólóhùn yìí ń sọ gan-an? Báwo lèmi náà ṣe máa lò ó?

Ọmọ Agodi: Ìpàtẹ́wọ́ márùn-ún! Màmá, ẹ̀rín fẹ́ pa mí.

Tíṣà: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Wọ́n ń sọ pé iṣẹ́ náà kò níláárí ni, rádaràda lásán. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló ni ọ̀rọ̀ yìí, ẹnu àwọn ṣójà wọn la sì ti gbọ́ ọ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ó ti wà nínú ìwé ìròyìn ní 1944. Wọ́n sábà máa ń ṣàlàyé pé ọkà tí kò dà nínú ìgbẹ́ ẹṣin ni ẹyẹ ń ṣà jẹ. Ẹ dé Kárà Akínyẹlé, kí ẹ wo bí adìyẹ ṣe ń tú ìgbẹ́ màlúù. Ohun tó jẹ́ pé irú wọn nìkan ló rí nǹkan mú níbẹ̀, ta ló fẹ́ ẹ?

Tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ ní "This meeting is for the birds." Ẹ má gbàgbé "s" ìparí yẹn o. Tó bá ká wọn lára, wọ́n á ní "strictly for the birds." Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, ẹ má kọ ọ́ sínú lẹ́tà báǹkì. Àwọn àgbà ló sì ń sọ ọ́ jù.

Ìyá Ìbejì, Sángo: Ṣé mo lè sọ ọ́ fún bàbá àwọn ọmọ mi?

Tíṣà: Rárá o! Nǹkan la fi ń sọ: ìpàdé, òfin, fíìmù, àbá tí kò nítumọ̀. Ẹ fi Bàbá Ìbejì sílẹ̀.

Bàbá Ìyàgànkú: Ọmọ mi tó wà ní London ní òun ò gbọ́ ọ rí.

Tíṣà: Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, sà. "Rubbish" ti tó àwọn ará ibẹ̀.

Ìyá Olóúnjẹ Adìyẹ, Ọ̀jọ́ọ̀: Ẹ ṣeun, Tíṣà. Mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi padà. Mo ní kí wọ́n sọ ohun tó burú lára iṣẹ́ náà, torí mi ò rí nǹkan kan. Wọ́n ní kí n ka ẹsẹ̀ àkùkọ. Mo gbé àpò kan lọ síta nínú oòrùn, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Mẹ́ta ni.